Àjẹkù Bàbá

Gbogbo ẹni tó bá ti ìlú òyìnbó dé ló máa ń sọ̀rọ̀ òtútù. Èmi ò ní sọ ti òtútù. Ènìyàn á ra kóòtù, á wọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ohun tí mi ò rí aṣọ wọ̀ sí ni garawa ìdọ̀tí dúdú kan tó wà nídìí síǹkì, ní ilé ìdáná tí mo ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, ní ìlú kékeré kan lápá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti ṣe tíṣà ní Òṣogbo kí n tó lọ, àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń dìde kí mi, ṣùgbọ́n àwo fífọ̀ ni wọ́n fún mi ṣe níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n kó àwo àwọn arúgbó padà wá láti yàrá oúnjẹ. Ẹran wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Ọ̀dùnkún wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀, àti oúnjẹ dídùn tí ẹnì kan fi ṣíbí tọ́ wò lẹ́ẹ̀kan péré. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èyí tó dára sínú abọ́ kan. Lìńdà, ọ̀gá ilé ìdáná, dúró ó ń wò mí. Obìnrin sígbọnlẹ̀ kan ni, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́, ó dà á sínú garawa.

Ó ní, "Ohun tó bá ti dé iwájú ẹnì kan kì í padà di oúnjẹ mọ́."

Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́, torí pé àìsàn máa ń ti ẹnu ẹnì kan wọ ẹnu ẹlòmíràn, pàápàá láàárín àwọn tí ara wọn ò lágbára mọ́. Síbẹ̀ mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo sunkún. Kì í ṣe nítorí ìfiṣòfò nìkan. Nílé wa ní Iléṣà, ohun tó bá ti dé iwájú ẹnì kan gan-an ni oúnjẹ tó dùn jù lọ.

Bàbá mi kì í jẹun tán. Kò sí ọ̀kan nínú àwa ọmọ wọn tó lè sọ pé òun rí ìdí àwo wọn rí. Iyán Bàbá máa ń ga, Màmá á fi omi pa á lára títí á fi máa dán, ẹran tó tóbi jù nínú ìkòkò ló sì máa ń wà nínú ọbẹ̀ wọn. Bàbá á jẹ, wọ́n á mu omi, wọ́n á wá ti àwo síwájú díẹ̀. Títì yẹn la máa ń retí. Iyán á ti kù níbẹ̀, ẹran náà á ti kù, kì í sì í ṣe pé ó ṣèèṣì kù. Ọmọ tó bá hùwà dáadáa lọ́jọ́ náà ni wọ́n á kọ́kọ́ pè. Mo ti jẹ iyán níbi púpọ̀ láyé mi, mi ò tíì jẹ èyí tó tó àjẹkù Bàbá. Títí di òní mo gbà pé ọbẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìkòkò kan náà ni Màmá ti bu tiwa.

Ní ilé bíi tiwa, àgbà tó bá jẹun mọ́ àwo ni ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni tó ń dúró dè é. Ohun tó jẹ́ kí n sunkún nìyẹn. Àwọn arúgbó wọ̀nyẹn ń ṣẹ́ oúnjẹ kù lójoojúmọ́, garawa ló sì ń jẹ àjẹkù wọn.

Yàrá tí mo gbà kò fẹ̀. Mo ra ìyẹ̀fun iyán ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa, mo gbé omi kaná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Nígbà tí mo gbójú sókè, iyán tó wà nínú ìkòkò tó gbogbo ilé jẹ. Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ro ti ẹnì kan. Ta ni mo fẹ́ fún? Òyìnbó tó wà lójú kejì ògiri kì í ju kí ó mi orí sí mi lọ. Mi ò sì lè dà á nù, torí pé mo ti ń da oúnjẹ nù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ àwo, èmi nìkan, mo sì ń wo ògiri. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí síkẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ kúrò nílé kò fi lè dé ìdí mi mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ mi ní ó ti ń ru. Ó ní kí n fi ọwọ́ júwe bí oúnjẹ mi ṣe ń tóbi tó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì ya òkìtì sínú afẹ́fẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín ló wá ṣàlàyé fún mi. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin. Òkèlè ni kó gba ìyókù, kó má ju ìkúùkù ọwọ́ mi lọ. Kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì máa rìn lẹ́yìn oúnjẹ. Kò mọ̀ pé ẹ̀fọ́ kì í ṣe nǹkan àjèjì sí ọmọ Iléṣà. Mo padà sídìí ẹ̀fọ́ rírò bí wọ́n ṣe ń rò ó nílé. Mo yọ mágí kúrò, mo fi irú àti edé gbígbẹ rọ́pò rẹ̀, ọbẹ̀ náà sì dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síkẹ́ẹ̀tì mi padà dé ìdí.

Níbi iṣẹ́, mo fojú sílẹ̀, mo sì kọ́ iṣẹ́. Mo kọ́ pé ìsàlẹ̀ fíríìjì ni ẹran tútù ń gbé, kí omi ara rẹ̀ má bàa ro sórí oúnjẹ tó ti jinná. Pákó tí a fi gé ẹran tútù kò gbọdọ̀ rí tòmátò tí ẹnì kan fẹ́ jẹ ní tútù. Ìrẹsì tó jinná tí wọ́n gbàgbé síta lè da inú rú ju ẹran lọ. Wọ́n ní kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ pẹ́ dáadáa, mo sì ń fi ẹsẹ orin ìyìn kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa wọ̀n ọ́n, mo máa ń kọ ọ́ sínú. Nígbà tó yá, mo ṣe ìdánwò wọn, mo yege, Lìńdà sì mú mi kúrò nídìí síǹkì lọ sídìí ààrò. Lónìí, èmi ni mo ń kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ ẹran gé búrẹ́dì níwájú mi, ojú tí mo máa fi wò ó, ojú tíṣà Òṣogbo ni.

Ẹni tó bá ti kọ́ nǹkan tuntun kì í lè panu mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá pe Màmá ni mò ń kọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n yéé máa gbé ọbẹ̀ kaná láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n máa gbé e sínú fíríìjì. Wọ́n ní fíríìjì wo, ṣé èyí tí wọ́n ń kó bébà sí nítorí iná tí kò sí? Mo wá rí i pé èyí tí Màmá ń ṣe náà ní ọgbọ́n nínú. Ọbẹ̀ wọn máa ń hó kùtùkùtù kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n máa ń bò ó, ṣíbí tó bá sì ti kan ẹnu ènìyàn kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. A wá fi ẹnu kò sí i pé kí wọ́n máa se ìwọ̀nba tó máa tán lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn ti ń rò ó tẹ́lẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ Bàbá dé.

Bàtà tuntun tí wọ́n wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló họ wọ́n lẹ́sẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìka ńlá. Kò dùn wọ́n, wọn ò sì kà á sí. Délé àbúrò mi, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé nínú ọgbà wa, ló rí i pé egbò náà ti ń rùn. Ó gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ni, ó ti pẹ́ lára wọn, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan ń dùn wọ́n. Ó fún wọn ní oògùn, ó sì sọ ọ́ láìfi bò pé bí ṣúgà yẹn kò bá wálẹ̀, egbò kò ní jinná, bí kò bá sì jinná, ọmọ ìka máa lọ, ó sì ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹsẹ̀ Bàbá. Ẹsẹ̀ tó mọ gbogbo ìdí kòkó wa lọ́nà Ifẹ̀wàrà. Mo jókòó sẹ́yìn ilé ìdáná lórí páálí ọ̀dùnkún, ẹ̀rù bà mí gan-an. Lẹ́yìn náà mo nu ojú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Kí Màmá gé iyán Bàbá kù dé ìwọ̀n ìkúùkù. Kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Kí ohun mímu dídùn kúrò nílé. Kí wọ́n máa fọ ẹsẹ̀ wọn lálaalẹ́, kí Délé sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Màmá ṣe gbogbo rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi àwòrán àwo Bàbá ránṣẹ́ sí mi, iyán kékeré láàárín àwo ńlá, èmi náà á sì dáhùn pé ó dára, bí ẹni ń máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ṣúgà kò wálẹ̀, egbò kò sì pa ẹnu dé. Mo pe Délé pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé gan-an. Ó kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Àǹtí mi," ó ní, "Bàbá ń jẹun mọ́ àwo."

Délé wá tú u sílẹ̀ pé Bàbá máa ń jẹ ìwọ̀nba náà tán, wọ́n á fi ìka nu àwo, wọ́n á sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á rán ènìyàn ní búrẹ́dì àti mínírà lójúde, torí wọ́n ní àwọn ò tíì jẹun. Ìní, ọmọ Délé, tó máa ń jókòó tì wọ́n nídìí oúnjẹ láti ìgbà tó ti ń rákò, kì í lọ síbẹ̀ mọ́. Màmá mọ̀ nípa búrẹ́dì náà. Wọn ò sọ fún mi torí ojú ń tì wọ́n.

Mo pe Bàbá lórí fídíò. Wọ́n kí mi, wọ́n bi mí bóyá òtútù ti lọ. Mo bá wọn wí, bí ọmọ obìnrin ṣe lè bá bàbá rẹ̀ wí, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tán. Bàbá kì í fi Yorùbá ilé ìwé bá wa sọ̀rọ̀, iyán gan-an, uyán ni wọ́n ń pè é bí àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà.

"Uyán tí ẹ ń gbé ka iwájú mi yìí," wọ́n ní, "kí ni kí n ṣẹ́ kù níbẹ̀? Ọmọ dé ẹnu ọ̀nà, ó wo àwo, ó padà lẹ́yìn. Ẹ ti sọ mí di ẹni tí kò lóhun tó máa fún ọmọ."

Nọ́ọ̀sì tèmi kò lè mọ èyí. Kò sí nínú ohun tí wọ́n fi dán mi wò. Mo gé iyán kù, mi ò mọ̀ pé ipò Bàbá ni mò ń gé. Inú mi bàjẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀ tí kò jinná, ìbànújẹ́ kò sì lè dí egbò.

Ibi iṣẹ́ ni mo ti rí ọ̀nà rẹ̀. Lìńdà ní àṣà kan ní ọjọ́ Sunday. Kì í bu oúnjẹ sí àwo fún àwọn arúgbó lọ́jọ́ náà. Abọ́ ńlá ló máa ń gbé sáàárín tábìlì pẹ̀lú ṣíbí mímọ́, kí wọ́n máa bù fún ara wọn. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí kì í fọwọ́ kan oúnjẹ láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday kan, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà mo ń wò ó. Ó bu ẹ̀wà fún ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ó bu fún ẹni tó wà lápá òsì, ó wá bu díẹ̀ fún ara rẹ̀, ó sì jẹ ẹ́. Mi ò dúró kí iṣẹ́ parí. Mo jáde sẹ́yìn ilé, mo pe Iléṣà.

Mo ní kí Màmá padà gún iyán tó ga bíi ti àtijọ́. Kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ síwájú Bàbá, pẹ̀lú àwo àwọn ọmọ àti ṣíbí tí wọ́n fọ̀. Kí Bàbá fọ ọwọ́, kí wọ́n pín in kí òkèlè kankan tó kan ẹnu wọn. Èyí tó bá kù lẹ́yìn pípín ni tiwọn, kò sì gbọdọ̀ ju ìkúùkù lọ. Màmá ní ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń pè ní àjẹkù. Wọ́n ní ohun tí àgbà jẹ kù ló ní àdúrà nínú. Mo ní ó lè ní àdúrà nínú, ó sì lè ní àìsàn nínú, mo ti ń da àjẹkù àgbà nù láti ìgbà tí mo ti dé ibí, mo mọ ohun tí ẹnu ń gbé fún ẹnu. Ohùn Bàbá ni mo gbọ́ lẹ́yìn, wọ́n ti ń gbọ́ wa láti ẹ̀gbẹ́ Màmá.

"Bàbá tó bí mi, òun ló ń pín uyán fún gbogbo ulé," wọ́n ní. "Ẹ̀yin lẹ mú mi jókòó, tí ẹ ń bù fún mi bí àlejò."

Wọ́n gba ṣíbí náà lọ́jọ́ yẹn. Délé fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Bàbá ń ti ṣíbí bọ omi kí ó má lẹ̀, wọ́n ń gé iyán bí ẹni ń pín ilẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n gé ti Ìní. Wọ́n gé ti àwọn ọmọ ilé kejì tó ti gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Ẹni tó mọ Bàbá mọ̀ pé wọn ò lè rí ojú ọmọ nínú àwo kí wọ́n má fi kún un. Èyí tó kù fún wọn kò tó ìwọ̀n tí dókítà sọ pàápàá. Màmá ní láti fi ẹ̀fọ́ àti ẹja kún un, kí ebi má bàa pa wọ́n, torí oògùn ṣúgà kò fẹ́ inú òfìfo. Kò sẹ́ni tó rán ẹnikẹ́ni ní búrẹ́dì ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ara Bàbá balẹ̀, wọ́n ti jẹun láàárín àwọn ènìyàn wọn.

Ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní oògùn ṣiṣẹ́, fífọ egbò ṣiṣẹ́, oúnjẹ náà sì ṣiṣẹ́. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí mo fi ń yangàn. Ọjọ́ tí Délé fi àwòrán ẹsẹ̀ náà ránṣẹ́ pé egbò ti pa ẹnu dé, mo fi han gbogbo ilé ìdáná. Ta ló máa ń fi àwòrán ẹsẹ̀ han àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ? Lìńdà wò ó títí, ó gbá mi mọ́ra, lẹ́yìn náà ó rán mi létí pé kí n lọ fọ ọwọ́ mi nítorí fóònù tí mo dì mú.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá ibẹ̀ ti di ilé. Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀, mo mọ iṣẹ́ mi, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún mi. Òyìnbó ojú kejì ògiri ti ń wá jẹ ẹ̀fọ́ ní ọjọ́ ìsinmi, mo máa ń bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí n tó jókòó. Láti ìgbà náà ni yàrá yẹn ti ń dà bí ibi tí ènìyàn ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo jẹ́, inú àwo kan ní Iléṣà ni mo ti kọ́ ọ.

Mo wá sílé nígbà tí mo gba ìsinmi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Màmá gún iyán. Èmi ni mo ro ẹ̀fọ́, Màmá dúró tì mí, wọ́n sì ń wá àbùkù sí i, wọn ò rí. Ìní bu omi, ó gbé ọṣẹ wá, ó bu omi sí wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá wọ sálúbàtà tó fẹ̀, tí kì í họ ènìyàn, mo sì rí àpá náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìka ńlá. Gbogbo ọmọ ìka pé.

Wọ́n gbé iyán síwájú wọn, ó ga bí ó ṣe máa ń ga nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá ti ṣíbí bọ omi. Wọ́n gé fún Ìní, wọ́n gé fún àwọn ọmọ tó kù, wọ́n bi ọ̀kan léèrè ìdí tó fi pẹ́ níléèwé, wọ́n sì fi kún tirẹ̀. Èyí tó kù sílẹ̀ kò ju ìkúùkù lọ. Mo rò pé pípín ti parí. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Àwo tìẹ dà?"

Mo ní Màmá ti bu tèmi sílé ìdáná, pé kí wọ́n jẹ́ kí tiwọn tó wọn.

"Mo ní àwo tìẹ dà?"

Mo dìde. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn òyìnbó bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ, mo lọ mú àwo, mo padà wá tò sẹ́yìn àwọn ọmọ. Bàbá gé díẹ̀ nínú ìwọ̀nba tó kù yẹn, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n sì mú ẹran tó tóbi jù nínú ọbẹ̀, wọ́n fi lé e lórí. Wọ́n wo èyí tó kù níwájú wọn. Inú wọn dùn sí i, mo rí i lójú wọn.

"Mo ti pín tán," wọ́n ní. "Ó ṣì kù fún èmi náà."

Mo jókòó sórí ẹní láàárín àwọn ọmọ. Mo jẹ tèmi mọ́ àwo bíi tiwọn, mo sì fi ìka nu ìdí rẹ̀.